Jẹ́jẹ́lọlá àti Ẹni Tó Ń Tú Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn

Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta Vincent Olúsànyà ti Òde-Ayé lọ́rẹ, òun nìkan ló sì tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Lucy, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, lọ́kọ sí ọ̀nà jíjìn, lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú. Nígbà tí oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ di ìṣòro, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ti sin ín, koríko ti ń hù lórí sàréè rẹ̀, kí awakọ̀ gẹdú kan tó mú ìròyìn náà wá. Bàbá kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà tó ti jẹ́ alàgbà, ó lọ dojúbolẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní láti lọ gbé e dìde. Láti ìgbà náà ni kò ti mú ojú kúrò lára Jẹ́jẹ́lọlá. Bí ọmọ náà bá pẹ́ lódò, Bàbá á ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá wúkọ́, Bàbá á ti pe àwọn aládùúrà jọ.

Jẹ́jẹ́lọlá fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti le. Ká ní ìkà ènìyàn ni, ì bá ti sá lọ.

Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n gbé e sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkìtìpupa. Bàbá gbà nítorí pé Eunice, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń ta aṣọ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà yóò sì máa gbé. Ṣùgbọ́n gbogbo Jímọ̀ ni Jẹ́jẹ́lọlá gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ padà sí Òde-Ayé. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, á bá Bàbá ní gbàgede tó ń rìn síwá-sẹ́yìn.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1966, àwọn ará yunifásítì kan kọ́ ahéré onípákó sórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ṣí bí ìdérí àpótí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń de oòrùn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá wàhálà sílẹ̀ nínú kíláàsì tó bẹ́ẹ̀ tí Jẹ́jẹ́lọlá fi kó wọn lọ síbẹ̀.

"Ẹ káàsán o, sà," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn ọmọ mi ní ẹ̀ ń de oòrùn mọ́lẹ̀. Mo ní kí n mú wọn wá rí okùn náà."

Ọ̀dọ́kùnrin tó wà nínú ahéré náà gbé ojú kúrò lára irin gígùn kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, mi ò dè é. Títú ni mò ń tú u."

Ó fi hàn wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba ojú ihò tóóró kan wọlé, ó kọjá nínú gíláàsì onígun mẹ́ta, ó sì tẹ́ sílẹ̀ lórí bébà funfun: pupa, ọsàn, ìyeyè, ewé, búlúù, àlùkò. Àwọn ọmọ hó. Lẹ́yìn náà ó ní kí Tíṣà fi ojú sí ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Níbẹ̀, Jẹ́jẹ́lọlá rí i pé àwọn àwọ̀ náà kò dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ gé wọn láàárín.

"Kí ni àwọn ìlà wọ̀nyí?"

"Àwọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ wa ni. Nǹkan kan ti gbà á lọ́nà. Oòrùn fúnra rẹ̀ ti mú òmíràn. Òmíràn, afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa níbí ló mú un. Oru omi ní àyè tirẹ̀ tó máa ń mú, kì í ṣì í. Èéfín àti eruku ní tiwọn kì í fi ìlà sílẹ̀, ṣe ni wọ́n ń mú kí ìmọ́lẹ̀ dínkù, pàápàá ní ìhà búlúù. Tí mo bá ti wo ohun tó kù, mo mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí."

"Láìgun òkè ọ̀run?"

"Láìkúrò lórí àpótí tí mo jókòó lé yìí."

Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kọ́ ọ nígbà tó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí ti àwọn yòókù ti ń wálẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá bi í léèrè ibi tó ti wá. Ó ní Jethro ni orúkọ òun, ọmọ Arógbò, ní ilẹ̀ Ìjọ̀ létí omi.

Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ènìyàn méjì, nítorí ẹni tó fi ojú sí ẹ̀rọ kò lè máa kọ̀wé. Lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, Jẹ́jẹ́lọlá á gun òkè lọ, á jókòó ti tábìlì kékeré, á sì máa kọ iye tí Jethro bá pè. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń sun oko, ìhà búlúù á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá fẹ́ láti ìhà òkun, ìlà oru omi á dúdú sí i, Jethro á sì sọ pé òjò ò jìnnà mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láìgbé ojú kúrò, ó pe iye kan, ó pe òmíràn, ó wá sọ pé, "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

Kálámù dúró lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́lọlá. "Abẹ́ èwo ni kí n kọ ìyẹn sí?"

"Ibi tí àyè bá wà."

"Gbé ojú rẹ kúrò níbẹ̀ kí o wò mí, kí o tún un sọ."

Jethro gbé ojú kúrò, ó wò ó, ó sì tún un sọ. Jẹ́jẹ́lọlá rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà Arógbò, omi ni. Ta ni yóò sọ ọ́ fún Bàbá?

Eunice ló gbà láti ṣe alárinà. Ó lọ sí Òde-Ayé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, ó sì kúnlẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá wà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wa ti rí ẹni tó wù ú. Ọmọlúàbí ni, onígbàgbọ́ ni, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe."

"Ọmọ ibo?"

"Ọmọ Arógbò ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá rọra ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọ̀nà ilẹ̀ ni Lucy gbà lọ, mi ò sì gbọ́ nígbà tó kú. Ìwọ fẹ́ kí n gbé èyí tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ ojú omi, kí n máa lọ bi ẹja léèrè bóyá ó wà láàyè?"

"Gbogbo ọkọ kọ́ ló ń—"

"Eunice, dìde. Mi ò bá ọmọkùnrin náà jà. Kó lọ fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn."

Kò pariwo, kò lu ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá àwọn àgbà ìjọ, nígbà tí sáà tuntun sì wọlé, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Òde-Ayé ni Jẹ́jẹ́lọlá bá ara rẹ̀, ògiri kan náà ló pa á pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ń sìn ín lọ láàárọ̀, ó ń lọ mú un wálé lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní bàbá bí irú èyí ṣọ̀wọ́n. Jẹ́jẹ́lọlá á dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, á wọlé, á sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìṣí fèrèsé, nítorí pé tó bá ṣí i, ẹ̀yìn orí Bàbá lórí àga ni nǹkan àkọ́kọ́ tí yóò rí. Nígbà míì á rò ó pé bóyá Bàbá ló tọ̀nà. Lucy náà rẹ́rìn-ín lọ.

Ogun dé Ọ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, Ọ̀rẹ̀ kò sì jìnnà. Gbogbo ìlú agbègbè náà yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní Òde-Ayé, Bàbá Olúsànyà ni wọ́n fi ṣe olórí wọn, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé kò lè parọ́.

Àárín ìgbà náà ni Jethro kò lè fara dà á mọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ wá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lápò rẹ̀, irin tí kò gùn ju ìka lọ, èyí tó máa ń gbé sójú láti fi wo ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà nígbà tí kùrukùru bá bo oòrùn. Ó dúró ní etí ìlú, ó gbé e sójú, ó ń wo èéfín tó bo igbó. Bóyá ó fẹ́ fún ọkàn rẹ̀ ní àyè kó tó wọlé ni. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti mú un. Wọ́n gbá a létí, ó sì fi Ìjọ̀, èdè ìyá rẹ̀, kígbe. Ìyẹn ló bá ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n ní amí ni, wọ́n ní irin náà ló fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀tá, wọ́n sì tì í mọ́ inú ilé tí wọ́n ń kó èkùrọ́ sí lẹ́bàá ọjà. Wọ́n fẹ́ fà á lé àwọn sójà lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì Jẹ́jẹ́lọlá ló sọ fún un. Ó sáré délé, ó bá Bàbá tó ń dé fìlà.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mi ò rí i rí."

Kò parọ́. Jethro kò wọ ilé yẹn rí.

"Bàbá, ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí wọ́n bá gbé e lọ, wọ́n lè pa á."

"Mo mọ̀." Bàbá bọ́ fìlà, ó jókòó, ó di fìlà náà mú lórí orúnkún. "Mi ò fẹ́ ikú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi orúkọ mi dúró fún un, gbogbo ìlú á mọ̀ pé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé mi. Lọ́la, á tún padà wá. Jẹ́jẹ́lọlá, jẹ́jẹ̀ẹ́ fún mi níwájú Ọlọ́run pé o ò ní fẹ́ ẹ, kí n lọ ṣílẹ̀kùn fún un."

"Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà yín."

"Ẹ̀rù ń bà mí. Gbé ọwọ́ lé Bíbélì."

Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà láìku ọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù jù.

Láti ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti rí i tí wọ́n mú Jethro jáde, eruku èkùrọ́ bo aṣọ rẹ̀. Ó gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé, "Mo mọ ọmọ yìí. Iṣẹ́ yunifásítì ló ń ṣe, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Èmi ni mo dúró fún un." Jethro ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ẹnì kan. Bàbá súnmọ́ ọn, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i létí. Jethro kò wá ẹnikẹ́ni mọ́. Ó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí táyà iwájú ti jò, ó sì ń fà á lọ lójú ọ̀nà Òkìtìpupa. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn ará yunifásítì wá kó ẹ̀rọ wọn, ahéré orí òkè sì di òfìfo.

Ogun parí. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọkùnrin ń wá tọrọ Jẹ́jẹ́lọlá. Bàbá fẹ́ràn Dúrósinmí jù, ọmọ ìjọ tó ń kọ́lé ní ọwọ́ kejì títì gan-an.

"Ojúlé rẹ̀ ni mo ń wò láti orí àga mi," ni Bàbá wí. "Kí ló dé tí o kò fi gbà?"

"Ẹ̀jẹ́ kan ni mo jẹ́, Bàbá, pé mi ò ní fẹ́ Jethro. Mi ò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé màá fẹ́ ẹlòmíràn."

"Ṣé o fẹ́ di arúgbó sínú ilé yìí ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má lọ."

Ilé náà dákẹ́ fún wọn láti ìgbà náà. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń gbàdúrà pọ̀, ìkíní kò sì wo ojú ìkejì.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún 1971 mú, Eunice wá kí wọn. Nígbà tí Bàbá jáde, ó tẹ ẹnu mọ́ etí Jẹ́jẹ́lọlá. "Wọ́n ti ṣí ahéré orí òkè. Òun náà ni wọ́n rán padà."

"Ó ti fẹ́yàwó?"

"Mi ò bi í. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó bi í."

Ní ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́lọlá wọ ọkọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Jálẹ̀ ọ̀nà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ rí i pé ara rẹ̀ le ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ahéré, ojú rẹ̀ ń wá ohun obìnrin kiri: gèlè, agbọ̀n, sálúbàtà. Ife kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì.

Jethro yíjú. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. "Tíṣà," ló wí. "Bàbá rẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé o ní o ò ṣe mọ́. Pé ojú ti ọ́ nítorí mi."

"Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Sí etí mi."

Jẹ́jẹ́lọlá jókòó sórí àpótí. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú sọ pé kò lè parọ́! Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Jethro, láti orí fìlà títí dé orí Bíbélì.

Jethro bínú, kì í sì í ṣe sí Bàbá nìkan. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń rò pé o rí mi nínú ìtìjú, o sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yẹ kí o ti jẹ́ kí n mọ̀!"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ? Wọ́n ti ìwọ mọ́ inú èkùrọ́, wọ́n ti èmi mọ́ inú ilé. Ẹnì kan náà ló mú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì."

Oòrùn wọ inú ahéré, ó pọ́n nítorí eruku ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni Jethro sọ fún un pé àwọn ọ̀gá òun fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín afẹ́fẹ́ igbó àti afẹ́fẹ́ etí òkun. Ẹ̀rọ kejì ń lọ sí Arógbò tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀, òun ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. "Ènìyàn méjì niṣẹ́ náà ń fẹ́," ló wí. "Ìyàwó ni èmi ń fẹ́. Tí o bá ní kò ṣeé ṣe, sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ, kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi Ọlọ́run ṣeré. Nígbà tó délé, ó ṣí Bíbélì, ó ń wá gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́. Ó rí ohun tó ń wá nínú Ìwé Númérì. Ó gbé e lọ síwájú Bàbá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti jẹ́ alàgbà tipẹ́. Ọmọbìnrin tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ nígbà tó ṣì wà nílé bàbá rẹ̀, ta ni Ọlọ́run ní ó lè tú u sílẹ̀?"

Bàbá kò wo ìwé náà. "Bàbá rẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí rẹ̀."

"Ẹ wá ń wò mí?" Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú sí omi náà. "Ẹ parọ́ fún un, Bàbá. Ẹ fi orúkọ mi parọ́. Mi ò ní fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ẹ̀jẹ́ mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dè mí. Ẹ tú mi."

Bàbá pa Bíbélì náà dé. "Tí ara rẹ kò bá yá níbẹ̀," ló wí, "ta ni yóò wá sọ fún mi?"

Jẹ́jẹ́lọlá mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà nínú ọkàn bàbá òun nìyẹn, láti ìgbà tí awakọ̀ gẹdú ti dé. "Ẹ lọ bi Jethro," ló wí níkẹyìn.

Bàbá lọ lóòótọ́. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ fún ìsìn, ó gun òkè náà pẹ̀lú ọ̀pá, Jẹ́jẹ́lọlá tẹ̀ lé e. Jethro dìde, kò mọ̀ bóyá kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó jáde. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mo parọ́ fún ọ," ni Bàbá wí.

"Ẹ gba ẹ̀mí mi là, Bàbá. Mi ò gbàgbé. Mi ò sì gbàgbé ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é."

Bàbá gbà á bẹ́ẹ̀. Ó wá bi í ní ìbéèrè rẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní ṣàìsàn," ni Jethro wí. "Irọ́ ni màá pa. Ẹ bá wa lọ. Ẹ wo ilé tí yóò máa sùn sí, ẹ mọ ìyá mi, ẹ mọ àwọn tó ń tukọ̀. Ọjọ́ tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, kí ẹ má dúró de ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ dìde kí ẹ máa bọ̀."

Bàbá wò ó títí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ẹ̀jẹ́ tí mo fi dè ọ́, mo tú u. Kí Ọlọ́run forí jì mí."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Òde-Ayé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Eunice sìn wọ́n dé etí omi ní Igbóbíni. Bàbá kò mọ lúwẹ̀ẹ́, kò sì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi dúdú náà. Jẹ́jẹ́lọlá jókòó níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ti kọjá abúlé àkọ́kọ́, Bàbá gbé orí sókè.

"Kí lorúkọ ibí yìí?"

Atukọ̀ pè é fún un ní èdè ibẹ̀. Bàbá pè é, kò pè é dáadáa. Atukọ̀ tún un pè. Bàbá ń pè é lábẹ́lẹ̀ títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ló béèrè orúkọ èyí tó tẹ̀ lé e.